Primary Care tàbí Categorical: Ọ̀nà Méjì Nínú Residency Internal Medicine ní Amẹ́ríkà

Dókítà tó ti yege USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ ìṣègùn Amẹ́ríkà, tó sì fẹ́ lọ ṣe residency níbẹ̀, ìyẹn ìdálẹ́kọ̀ọ́ dókítà lẹ́nu iṣẹ́, á ṣí ERAS nínú oṣù September. Orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ̀wé béèrè àyè. Ó wá orúkọ ọsibítù kan tó wù ú, ó sì rí i lẹ́ẹ̀mẹta: Internal Medicine Categorical, Internal Medicine Primary Care, Internal Medicine Preliminary. (Internal medicine ni ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn àwọn àgbàlagbà láìṣe iṣẹ́ abẹ.) Ìlú kan náà ni, nígbà míì olórí ètò kan náà ni. Ó pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti lọ ṣáájú, ẹ̀gbọ́n ní, "Categorical ni kó o mú, má tiẹ̀ wo èkejì." Ó pe ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, màmá ní ṣé torí kó lè lọ máa ṣiṣẹ́ ní health centre ló ṣe fi ọdún mẹ́fà kàwé dókítà ni. Àwọn méjèèjì fẹ́ ire fún un, àmọ́ kò sí èyí tó là á yé e nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Preliminary sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọdún kan péré ni. Àwọn tó ń lọ sí anesthesiology, radiology, neurology àti irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní láti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀ka wọn, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ tó wá mú Preliminary, bí oṣù méjìlá bá pé, ẹnu wíwá àyè ló tún padà sí. Categorical àti primary care ló kù tá a fẹ́ tú palẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé èèyàn ni pé sátífíkéètì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà. Ọdún mẹ́ta ni categorical, ọdún mẹ́ta náà ni primary care. ACGME tó ń fọwọ́ sí ètò residency kò ṣòfin sọ́tọ̀ fún primary care. Abẹ́ òfin internal medicine ni gbogbo wọn wà. Bí ọdún mẹ́ta bá pé, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe lọ́dọ̀ ABIM, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà internal medicine ní ìwé ẹ̀rí, Internal Medicine ló sì máa wà lára ìwé ẹ̀rí wọn. Ẹni tó bá rí ìwé náà lára ògiri kò lè mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Owó oṣù wọn kò yàtọ̀ ní ọsibítù kan náà. Òfin wákàtí 80 lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń kó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀ ṣírò, tó sì ti wà láti 2003, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló mú. Wọ́n jọ ń gba call, wọ́n jọ ń wọ ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, wọ́n jọ ń sáré bí ọkàn aláìsàn bá dákẹ́ lóru. Kò sì sí òfin tó ní ẹni tó ti primary care jáde kò gbọdọ̀ lọ ṣe fellowship, ìdálẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe tó ń tẹ̀ lé residency, nínú cardiology, ẹ̀ka ọkàn. Àwọn kan ń lọ.

Ọ̀rọ̀ màmá l'Abẹ́òkúta náà ní ìdí. Lọ́dọ̀ wa, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni orúkọ primary care máa ń mú wá sọ́kàn: ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí aboyún ti ń gba káàdì, tí nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń dá ṣe é títí dókítà á fi yọjú. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní Alma-Ata ní 1978 ni èrò yẹn ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ló sì fi gbogbo agbára gbé e kalẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ wọn ò kọ́ ọ lé dókítà lórí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Dókítà primary care níbẹ̀ jẹ́ ẹni tó ti parí residency, tó ní àwọn aláìsàn tí orúkọ wọn wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń rí wọn fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, tí ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ specialist wá á sì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Barbara Starfield, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Johns Hopkins tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí iṣẹ́ yìí, to ohun mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèèyàn kọ́kọ́ ń dé, kì í fi aláìsàn sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, gbogbo ara ló ń wò, òun ló sì ń so ohun tí àwọn dókítà yòókù ń ṣe pọ̀ kó má di rúdurùdu.

Dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà náà ní ìdàrúdàpọ̀ tirẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka Family Medicine ló ni GOPD, kílíníìkì gbogboogbò tí èrò ń tò sí láàárọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Àwọn internal medicine wà ní wọ́ọ̀dù àti ní kílíníìkì àkànṣe wọn, ti ọkàn lọ́tọ̀, ti kíndìnrín lọ́tọ̀, lẹ́tà ló sì sábà ń gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n tọ́ báyìí, tó bá gbọ́ pé èèyàn fẹ́ ṣe internal medicine kó sì máa jókòó ní kílíníìkì, á ní ṣebí Family Medicine nìyẹn. Family Medicine wà ní Amẹ́ríkà lóòótọ́. Láti 1969 ni wọ́n ti kà á sí ẹ̀ka tó dá dúró, ọdún mẹ́ta lòun náà, ó sì ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, aboyún àti arúgbó. Internal medicine kì í tọ́jú ọmọdé ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ wẹ́wẹ́, kó má wulẹ̀ jà nítorí categorical àti primary care. Family Medicine ni kó lọ, tàbí Med-Peds tó pa internal medicine àti ìtọ́jú ọmọdé pọ̀, tó sì jẹ́ ọdún mẹ́rin.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti la ààlà sí i. GP, dókítà àdúgbò wọn, ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, àwọn dókítà ọsibítù sì ń gba Internal Medicine Training tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Amẹ́ríkà kò la irú ààlà yẹn. Internal medicine kan ṣoṣo lè gbé èèyàn lọ sí wọ́ọ̀dù, ó lè gbé e lọ sí kílíníìkì, ó lè gbé e lọ sí fellowship. Ẹni tó ti mọ̀ pé kílíníìkì lòun ń lọ ni wọ́n ya primary care sọ́tọ̀ fún.

Ibi tí èèyàn ti ń lo wákàtí rẹ̀ ni ìyàtọ̀ gidi wà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aláìsàn kan, obìnrin ọmọ ọdún 58 tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó dé emergency lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ torí èémí. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Resident tó wà ní wọ́ọ̀dù á fún un ní furosemide gba ojú iṣan, á máa wo bí ìtọ̀ ṣe ń jáde, á máa yẹ potassium rẹ̀ wò láràárọ̀ kó má lọ já wálẹ̀ jù, á ní kí wọ́n ya echo ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi kílò mẹ́fà ti kúrò lára rẹ̀, wọ́n kọ oògùn fún un, ó lọ sílé. Iṣẹ́ tó dùn ún ṣe ni, ojú tètè ń rí èrè rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ léraléra fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n mọ́ níwájú aláìsàn tó ń fẹ́ bọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin yìí kan náà wọ kílíníìkì. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 152/94. Ó ti dá furosemide dúró, torí bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ dé ibi iṣẹ́, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà. Nínú oògùn márùn-ún tí wọ́n kọ fún un ní ọsibítù, mẹ́ta ló rà, owó ò ká ìyókù. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò nítorí àtọ̀gbẹ. Kò tíì ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 45 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì rántí ìgbà tó ṣe mammogram kẹ́yìn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó dìde, ó ní òun kì í rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Èwo ni dókítà máa mú, èwo ló máa sún di oṣù tó ń bọ̀? Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ké nínú yàrá yẹn tó máa sọ fún un. Bó bá ní kí obìnrin náà máa lo oògùn omi lọ́sàn-án nígbà tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, bó bá wá oògùn olówó pọ́ọ́kú rọ́pò èyí tí kò lè rà, bó bá fún un ní ike àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó lè lò nílé dípò kó máa dúró de colonoscopy, bó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ tó kú, tó sì ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣeé ṣe kí obìnrin yìí má fojú kan wọ́ọ̀dù mọ́ lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí ń sú, tó jẹ́ pé alẹ́ emergency yẹn ló ń wù ú, kó tètè mọ ara rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí internal medicine gbọdọ̀ lè ṣe méjèèjì dé àyè kan. Láti July 2022, òfin ACGME sọ pé nínú oṣù 36, ó kéré tán oṣù mẹ́wàá gbọdọ̀ lọ sí ìtọ́jú àwọn tó sùn sí ọsibítù, ó kéré tán oṣù mẹ́wàá sì gbọdọ̀ lọ sí kílíníìkì àti irú ibi bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, ètò kọ̀ọ̀kan ló mọ bó ṣe máa pín in. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ọ̀pọ̀ categorical ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní 4+1: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní wọ́ọ̀dù, ICU tàbí elective (iṣẹ́ tí resident fúnra rẹ̀ yàn), lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní kílíníìkì, wọ́n á tún padà. Àwọn míì ń ṣe 3+1 tàbí 6+2. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni resident máa ń sáré wá sí kílíníìkì, ẹ̀rọ ìpè á sì máa dún lápò rẹ̀ pé aláìsàn rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ti ń gbóná. Ẹ ò lè kọ́ nǹkan gidi bẹ́ẹ̀.

Primary care á mú èyí tó pọ̀ nínú àkókò tó ṣẹ́ kù, á kó o fún kílíníìkì. Kì í kàn ṣe pé kí ọjọ́ pọ̀. Wọ́n á rán resident lọ kọ́ ohun tí wọ́ọ̀dù kì í kọ́ni: bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ sínú orúnkún tó ń dunni, bí a ṣe ń gé díẹ̀ lára egbò awọ ara fún àyẹ̀wò, ìfètòsọ́mọbíbí, ìbànújẹ́ ọkàn àti àìsùn, ìtọ́jú kòkòrò HIV, bí a ṣe ń fi buprenorphine tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Àwọn kan máa ń rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò nílé lórí, tàbí sí kílíníìkì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé. Àwọn olùkọ́ wọn náà yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ dókítà tó fi kílíníìkì ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, kì í ṣe cardiologist tó yà wọlé fún wákàtí kan. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju iye oṣù lọ. Ẹni téèyàn bá ń wò lójoojúmọ́ ló máa fẹ́ jọ.

Ìdí tí wọ́ọ̀dù fi ń borí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá kò ṣòro láti rí bí a bá tẹ̀ lé owó. Medicare, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1965, ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná lórí ìdálẹ́kọ̀ọ́ resident, àwọn ọsibítù ló sì ń kó o fún. Ọsibítù tó gba owó á fẹ́ kí resident wà níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà, pàápàá lóru. Ní 1970, Montefiore ní Bronx, New York, dá ètò Social Medicine sílẹ̀, ó ń kó àwọn resident jáde lọ sí kílíníìkì láàárín àwọn tálákà àdúgbò. Ní 1976, Kóńgírẹ́ẹ̀sì fi òfin ya owó sọ́tọ̀ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ primary care nínú internal medicine àti ìtọ́jú ọmọdé, àwọn ọsibítù yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ètò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí òfin ìlera Obama dé ní 2010, wọ́n tún dá Teaching Health Center sílẹ̀, níbi tí owó resident ti ń lọ tààrà sí kílíníìkì àdúgbò. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára ètò kan, ẹ mọ̀ pé kílíníìkì ni ọ̀gá níbẹ̀.

Nǹkan míì ṣẹlẹ̀ láàárín. Ní 1996, Robert Wachter àti Lee Goldman kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n ti lo orúkọ hospitalist fún dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìtọ́jú àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ. Ṣáájú ìgbà náà, dókítà kílíníìkì fúnra rẹ̀ ló máa ń wá wo aláìsàn rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ kó tó lọ ṣí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ hospitalist wá gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méje, wọ́n á sì fi ọjọ́ méje sinmi. (Ẹ̀yin tó ń bi ara yín léèrè bí àwọn dókítà kan ní Houston ṣe ń ráyè wá sí gbogbo ìnáwó l'Ékòó, ọ̀sẹ̀ ìsinmi yẹn nìyẹn.) Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín lónìí pé òun ń ṣe general internal medicine, ẹ bi í pé wọ́ọ̀dù ni tàbí kílíníìkì. Categorical sábà ń mú èèyàn gbára dì fún wọ́ọ̀dù ju kílíníìkì lọ, yálà wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn ò sọ ọ́.

Ṣé orúkọ primary care wá ń so èèyàn mọ́lẹ̀ ni? Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA ní 2012 wo ohun tí àwọn resident ọdún kẹta láàárín 2009 àti 2011 sọ pé àwọn fẹ́ ṣe. Nínú àwọn categorical, bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ṣe general internal medicine. Nínú àwọn primary care, ó tó bí ìdá 40. Ìlọ́po méjì ni, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: kódà nínú primary care, àwọn tó fẹ́ gba ibòmíràn lọ ló pọ̀ jù.

Ta ló wá yẹ kó mú èwo? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà lórí cardiology, gastroenterology tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, categorical ni kó mú. Ìdíje fún àwọn fellowship yẹn le; wọ́n ń fẹ́ ìwádìí, wọ́n ń fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn ògbóǹtarìgì ẹ̀ka náà, oṣù elective téèyàn máa fi wá wọn sì ni primary care máa kó lọ sí kílíníìkì. Ẹni tó bá ń ro endocrinology, rheumatology, geriatrics tàbí àìsàn HIV, primary care kò dí i lọ́wọ́; kílíníìkì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn ẹ̀ka yẹn wà. Ẹni tó dá lójú pé òun fẹ́ jẹ́ dókítà tí ìdílé kan á máa pè ní dókítà wa, kó mú primary care láìwo ọ̀tún wo òsì. Àwọn tí kò tíì mọ̀ ló pọ̀ jù, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi á ní kí wọ́n wá categorical tí kílíníìkì rẹ̀ dára. Irú rẹ̀ wà, ó sì sàn ju primary care tó jẹ́ orúkọ lásán lọ.

Ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni tó ń polówó. Iṣẹ́ primary care ní ìnira tirẹ̀. Owó tó ń wọlé fún un kéré sí ti cardiologist lọ́nà tó hàn kedere. Lẹ́yìn tí aláìsàn ìkẹyìn bá ti lọ, inbox ṣì kún: èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún oògùn kọ, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tó ní òun ò ní sanwó oògùn kan àfi bí dókítà bá kọ ìwé ṣàlàyé ìdí. Ọ̀pọ̀ ń gbé e délé, wọ́n ń ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Kílíníìkì resident tí kò ní nọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ lójú ẹni tó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀, ọ̀rọ̀ iye àyè wà níbẹ̀. Nínú Match 2024, ètò ọdọọdún tó ń pín àwọn dókítà sí àyè residency, àyè categorical internal medicine ju 10,000 lọ. Ti primary care kò tó 1,000, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní àwọn ọsibítù yunifásítì ńlá, níbi tó ti ṣòro fún ẹni tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè láti wọlé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n yẹn kò burú pátápátá: ẹni tó bá béèrè primary care nìkan ń fi ara rẹ̀ sínú ewu. Kó béèrè méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni físà. Ọ̀pọ̀ ló ti fi J-1, físà ìdálẹ́kọ̀ọ́, wọlé, ìlànà J-1 sì ni pé bí ìdálẹ́kọ̀ọ́ bá parí, kéèyàn padà sílé fún ọdún méjì, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ètò Conrad 30 ló wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń gbà yọ̀ǹda: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dá dókítà 30 dúró lọ́dún, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń fi àwọn primary care ṣáájú. Ìpínlẹ̀ kan lè ka hospitalist mọ́ wọn, òmíràn kò ní kà á. Ẹ ka ìlànà ìpínlẹ̀ tí ẹ ń wò. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe àti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ti ṣe é, wọn ò ní bi yín bóyá ètò primary care lẹ ti jáde. Ẹni tó ti categorical jáde, tó gbaṣẹ́ ní kílíníìkì ìgbèríko, dókítà primary care ni lójú wọn.

Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ ní categorical tí kílíníìkì sì ń wù ú kò tíì pàdánù. Kó lo elective rẹ̀ fún awọ ara, oríkèé ara, ìlera obìnrin àti ọpọlọ. Kó bẹ olùkọ́ kan ní kílíníìkì kó gbà á bí ọmọ. Láwọn ibì kan, wọ́n máa ń gba categorical láàyè láti bọ́ sí primary care lẹ́yìn ọdún kìíní, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè níṣojú wọn ni.

Nínú interview, ẹ má béèrè bóyá kílíníìkì wọn dára, wọ́n á ní ó dára. Ẹ ní kí wọ́n fi tábìlì ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn yín, oṣù sí oṣù. Ẹ béèrè ẹni tó ń dá àwọn aláìsàn yín lóhùn nígbà tí ẹ bá wà ní ICU. Ẹ béèrè bóyá aláìsàn kan náà ló ń padà sọ́dọ̀ resident kan náà, àbí ẹni tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀ ló ń rí i. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí àwọn tó jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ń ṣe báyìí. Bó bá jẹ́ pé hospitalist ni gbogbo àwọn primary care wọn dà, ẹ ti gba èsì yín.

Lórí ìwé tí ẹ fi ń to ibi tó wù yín fún NRMP, àjọ tó ń ṣe Match, categorical àti primary care ọsibítù kan náà ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì lè to méjèèjì. Ẹ tò wọ́n bó ṣe wù yín látọkàn wá. Alvin Roth tó tún ìṣirò Match ṣe, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1998, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2012, ṣe é débi pé fífi ibi tó wù yín sókè kò lè gba àyè tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ yín.

ERAS náà fàyè gbà yín láti fi lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí kì í lò ó sì pọ̀. Lẹ́tà tó ń sọ bí ẹ ṣe nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọkàn kò yẹ kó dé iwájú olórí primary care. Tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ nípa aláìsàn kan tí ẹ rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kódà kó jẹ́ ní GOPD, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yí padà nínú ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tó padà wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn.